Páàkì ọkọ̀ lórí koríko lọ́jọ́ òde: bí ilẹ̀ ọgbà ìgbafẹ́ kò ṣe ní bàjẹ́

Ọkọ̀ tó dúró jẹ́ẹ́ fún wákàtí 6 lórí ilẹ̀ gbígbẹ kì í pa koríko. Koríko á tẹ̀, á sùn sílẹ̀, tó bá sì tó ọjọ́ mélòó kan, á tún gbéra. Ohun tó ń pa á ni táyà tó ń yí lórí ilẹ̀ tútù, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń gba ojú kan náà wọlé tí wọ́n tún ń gba ibẹ̀ jáde, àti ọkọ̀ ẹlẹ́rù tí kò yẹ kó gun pápá rárá. Ẹni tó ń ṣètò òde a máa wo ewé. Abẹ́ ewé ló yẹ kó wò. Ewé tó fà ya lè hù padà láàárín ọ̀sẹ̀ 6 nígbà òjò. Ilẹ̀ tí táyà ti tẹ̀ títí tó fi ki lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan: òjò ò ní rí ọ̀nà wọ inú rẹ̀, omi á máa dúró sójú rẹ̀, gbòǹgbò ò ní rí afẹ́fẹ́, ibẹ̀ á sì di ojú pípá tẹ́ ẹ máa gbin koríko sí lọ́dọọdún tí kò ní mú.

Ìlànà yìí wà fún ẹni tó ń bójú tó ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba, pápá ìjọba ìbílẹ̀ tàbí pápá ilé ẹ̀kọ́ nílẹ̀ Yorùbá, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, ọdún ìlú àti ìsọjí. Ó wà fún olóde náà pẹ̀lú. Ní Èkó, LASPARK, àjọ tí òfin ìpínlẹ̀ náà dá sílẹ̀ ní 2011, ló ń mójú tó ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba. Kí olóde tó tẹ káàdì ìpè ló yẹ kó ti gba ìyọ̀ǹda, kó sì béèrè ní pàtó bóyá ìyọ̀ǹda náà kan ọkọ̀. Ìyọ̀ǹda láti ta kánópì kì í ṣe ìyọ̀ǹda láti gbé ọkọ̀ wọ pápá.

Ẹ ka ọkọ̀ kí ẹ tó wọn ilẹ̀

Iye aṣọ ẹbí tí wọ́n tà ló sún mọ́ òótọ́ jù, ó sàn ju iye káàdì lọ. Ká ní èèyàn 600 ń bọ̀. Ẹ yọ àwọn tó máa wọ dánfó, kẹ̀kẹ́ Márúwá, tàbí bọ́ọ̀sì tí ẹgbẹ́ háyà. Ká sọ pé 200 ni wọ́n. Nínú 400 tó kù, bí ọkọ̀ kan bá gbé èèyàn 2 tàbí 3, á jẹ́ nǹkan bí ọkọ̀ 160. Ẹ fi 16 kún un fún olórin, alásè, onífọ́tò àti àwọn tí ẹnikẹ́ni ò pè. Ó di 176.

Ọkọ̀ kan gba ìbú mítà 2.5 àti gígùn mítà 5 láti dúró. Tí a bá fi ọ̀nà mítà 6 tó wà láàárín ìlà méjì kún un, pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà àti àwọn igun tí kò ṣeé lò, ọkọ̀ kan á gba mítà onígun mẹ́rin 25 níbi tí wọ́n bá ti fa ìlà dáadáa, 30 níbi tí kò bá sí ìlà. Plọ́ọ̀tì kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 120, jẹ́ nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 669. Ọkọ̀ 22 sí 26 ló máa gbà, kì í ṣe 50 tí àwọn èèyàn máa ń fẹnu sọ. Ọkọ̀ 176 á wá fẹ́ plọ́ọ̀tì 7 tàbí 8.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan koríko, ẹ lo gbogbo ilẹ̀ líle tó wà nítòsí: àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n da kọnkéré sí, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sátidé, ọgbà mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ tí kì í ṣe Jímọ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé iṣẹ́ ìjọba lópin ọ̀sẹ̀. Bí ibẹ̀ bá jìnnà tó kìlómítà kan àbọ̀, ẹ fi bọ́ọ̀sì kó àlejò. Bọ́ọ̀sì elérò 18 tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú 20 á kó èèyàn 54 ní wákàtí kan. Méjì á kó 108. Àwọn àgbàlagbà àti ìyá ọlọ́mọ lẹ́yìn ni kí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀ lẹ́nu ọ̀nà òde, kí dírẹ́bà tó wá lọ páàkì. Bí 100 nínú 176 bá rí ilẹ̀ líle, koríko tẹ́ ẹ máa lò dín sí plọ́ọ̀tì 3 tàbí 4. Kò sí nǹkan mìíràn tẹ́ ẹ máa ṣe sí koríko tó máa gbà á là tó èyí.

Ìgbà wo ni ilẹ̀ lè gbé ọkọ̀?

Ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà, òjò a máa pọ̀ jù ní oṣù kẹfà sí oṣù keje, á tún le ní oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá. Oṣù kẹjọ a máa dá díẹ̀ láàárín. Ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo máa ń bọ́ sí àkókò tí òjò dá yẹn. Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde kò rí bẹ́ẹ̀: ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe é, 18 oṣù kẹfà ló bọ́ sí ní 2024, 8 oṣù kẹfà ní 2025, nítorí pé òṣùpá ló ń darí ọjọ́ rẹ̀, ó sì ń fi bí ọjọ́ 11 tètè dé sí i lọ́dọọdún. Ìlú tó bá ní irú ọdún bẹ́ẹ̀ kò lè fi ètò páàkì ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ṣe ti ọdún yìí. Ètò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yàtọ̀ sí ti ìgbà òjò.

Kàlẹ́ńdà kò tó, ẹ dán ilẹ̀ wò. Ẹ dán an wò ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, lọ́jọ́ tó ṣáájú òde, àti ní aago 6 àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Ti àárọ̀ ló ń pinnu. Ẹ mú ojú ibi 10, kì í ṣe ibi tó dára nìkan: ẹnu ọ̀nà, ibi tó rẹlẹ̀ jù, abẹ́ òjìji igi, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi.

Ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ gidi. Bí omi bá yọ, ẹ pa pápá dé, kò sí àríyànjiyàn. Bí kò bá yọ, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ bu yẹ̀pẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan níbẹ̀, kẹ́ ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yí i kó di okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó nípọn tó mìlímítà 3. Ilẹ̀ tó bá yí títí láìjá ṣì rọ̀ jù, táyà máa gbẹ́ ẹ. Ilẹ̀ tó bá ń rún tàbí tó ń já kó tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lè gbé ọkọ̀ kékeré. Nípa ilẹ̀ yanrìn, kì í yí rárá, nítorí náà gìgísẹ̀ lẹ máa gbára lé níbẹ̀. Ilẹ̀ yanrìn etí òkun a máa gbẹ kíákíá bí omi abẹ́ ilẹ̀ kò bá sún mọ́ òkè. Ilẹ̀ pupa alámọ̀ lè di omi mú fún ọjọ́ 2 tàbí 3 lẹ́yìn òjò ńlá kan.

Síkúrú díráfà tó gùn ní íǹṣì 6 náà wúlò. Bí ọwọ́ kan bá tì í wọlé tán láìlo agbára lórí ilẹ̀ tó lámọ̀, omi ti pọ̀ jù. Bí kò bá wọ̀ ju íǹṣì 2 lọ nígbà tí kò sí ọ̀dá, ilẹ̀ náà ti ki tẹ́lẹ̀: ó lè gbé ọkọ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ó ti ń fẹ́ ìtọ́jú kó tó gbàlejò mìíràn.

Ìtọ́jú ṣáájú òde kò pọ̀. Ẹ dá omi bíbu dúró ní ọjọ́ 3 ṣáájú. Nígbà òjò, ẹ gé koríko ní ọjọ́ 4 tàbí 5 ṣáájú, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ní gíga sẹ̀ǹtímítà 7 sí 8. Èyí tí wọ́n fá mọ́lẹ̀ kò ní nǹkan tó máa gba ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ọkọ̀. Ẹ má da ajílẹ̀ sí i láàárín ọ̀sẹ̀ 3 ṣáájú, nítorí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ rọ̀ jù. Irú koríko náà tún kàn án. Koríko Bahama ní gbòǹgbò tó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, nítorí náà ó máa ń yára bo ojú pípá, ṣùgbọ́n kò fẹ́ òjìji. Carpet grass fẹ́ràn òjìji àti ibi tútù, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ló ń nà sí, gbòǹgbò rẹ̀ kò sì jìn. Táyà kan tó bá yí lójú kan á hú u kúrò. Bí pápá yín bá ní méjèèjì, apá Bahama ni kẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀ fún ọkọ̀.

Ọ̀nà díẹ̀, tí kò ní yí padà

Ìgbà àkọ́kọ́ tí táyà bá gba ojú kan kọjá ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú títẹ̀ tí ilẹ̀ máa tẹ̀. Ìgbà kejì, ìkẹta, ìkẹwàá, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi kún un. Ìdí nìyẹn tó fi sàn kẹ́ ẹ fi ojú ọ̀nà díẹ̀ rúbọ, kí ìyókù lè là. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tàn káàkiri kí ìyà náà lè pín. Lórí ilẹ̀ tó gbẹ táútáú, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá ṣì ní omi díẹ̀ nínú, gbogbo pápá lẹ máa bà jẹ́ dípò ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀.

Ẹ fi èèkàn àti okùn pààlà ọ̀nà, tàbí kẹ́ ẹ fi láìmù funfun fa ìlà. Kẹ́ ẹ tó kan èèkàn, ẹ mọ ibi tí páìpù omi àti wáyà iná gbà lábẹ́ ilẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi kóònù sórí gbogbo ẹnu páìpù tó ń wọ́n omi. Ẹ dá ìlà ní dídágẹ̀ẹ́rẹ́ bí igun dígírì 60, kí ọkọ̀ máa lọ síwájú wọ ààyè rẹ̀, kó sì máa lọ síwájú jáde. Rífáàsì ló ń ya koríko jù, pàápàá nígbà tí dírẹ́bà bá ń yí sítíárì tí ọkọ̀ dúró lójú kan: táyà iwájú á máa lọ ilẹ̀ bí ọlọ. Níbi tí ilẹ̀ bá dà gẹ̀ẹ́rẹ́, òkè ni kẹ́ ẹ fi ẹnu àbáwọlé sí, ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi àbájáde sí. Bí òjò bá rọ̀ láàárín òde, ọkọ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ kò ní nílò kí táyà rẹ̀ máa fi agbára yí.

Ẹnu ọ̀nà ni ojú tó ń kọ́kọ́ di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀, nítorí gbogbo ọkọ̀ ló ń gba ibẹ̀. Ẹ fi plywood íǹṣì mẹ́ta nínú mẹ́rin (ìbú ẹsẹ̀ bàtà 4, gígùn ẹsẹ̀ bàtà 8) tẹ́ mítà 20 àkọ́kọ́. Ipa táyà méjì ni, ipa kọ̀ọ̀kan sì fẹ́ plywood 9, àpapọ̀ 18. Bí ilẹ̀ bá rọ̀ díẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ ní ìpele méjì, kí ojú ìsopọ̀ ti òkè má ṣe bọ́ sórí ti ìsàlẹ̀. Ó di 36. Plywood tútù a máa yọ̀, nítorí náà ẹ wọ́n yanrìn díẹ̀ sórí rẹ̀. Ẹ kó o kúrò lálẹ́ ọjọ́ náà. Bó bá sùn síbẹ̀, oòrùn ọjọ́ kejì á se koríko abẹ́ rẹ̀.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe dípò rẹ̀ ni pé wọ́n á da gíránáìtì tàbí èérún pákó sórí koríko láàárọ̀ ọjọ́ òde. Ẹ má ṣe é. Gíránáìtì á rì sínú ilẹ̀, ẹ ò ní rí i ṣà tán, á sì máa ba abẹ ẹ̀rọ ìgékoríko jẹ́. Bí òde bá ń wáyé níbẹ̀ lóòrèkóòrè, ẹ ṣe ẹnu ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan: ẹ gbẹ́ ilẹ̀ kúrò, ẹ tẹ́ geotextile (aṣọ líle tí omi ń gbà kọjá, tí kì í jẹ́ kí òkúta rì sínú ilẹ̀) sísàlẹ̀, ẹ da òkúta fífọ́ tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 20 lé e kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ wá to búlọ́ọ̀kù oníhò sókè, kẹ́ ẹ fi yanrìn tó dà pọ̀ mọ́ ilẹ̀ dúdú dí ihò rẹ̀, kẹ́ ẹ gbin Bahama sínú rẹ̀. Ilẹ̀ dúdú nìkan nínú ihò á ki. Yanrìn gbọ́dọ̀ pọ̀ jù ú lọ.

Ọkọ̀ tí kò gbọdọ̀ wọ pápá

Afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ kékeré a máa wà ní nǹkan bíi psi 30 sí 35 (psi ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà), ìwọ̀n yẹn náà ló sì fi ń tẹ ojú ilẹ̀. Táyà tírélà a máa kọjá psi 100. Yàtọ̀ sí èyí, bí ẹrù orí ọkọ̀ bá ṣe wúwo tó ni títẹ̀ náà ṣe ń jìn tó, ibi tó sì jìn kò ṣeé fi fọ́ọ̀kì oko tú. Tánkà omi lítà 10,000 gbé tọ́ọ̀nù 10 omi nìkan, kí a tó ka ìwúwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Kó dúró sórí títì, kẹ́ ẹ fi họ́ọ̀sì fa omi wọlé. Ọkọ̀ tó kó kánópì àti àga, ọkọ̀ tó gbé jẹnẹrétọ̀, ọkọ̀ ẹ̀rọ orin, gbogbo wọn ni kó já ẹrù sórí títì kí bárò sì gbé e wọlé. Ohunkóhun tó bá ju tọ́ọ̀nù 3.5 lọ, ẹ má ṣàánú ẹ̀. Ìjà tó máa ń le jù ni ti alákánópì tó máa wá kó ẹrù lóru nígbà tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ, nítorí náà ẹ ti géètì pa títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Abẹ́ igi náà, ẹ dínà rẹ̀. Gbogbo èèyàn ló máa fẹ́ páàkì sábẹ́ òjìji máńgòrò tàbí òdán, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ gbòǹgbò tó ń bọ́ igi kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ. Ẹ wọn ìbú ìtì igi ní íǹṣì. Iye íǹṣì yẹn ni iye ẹsẹ̀ bàtà tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí i. Igi tí ìtì rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 20 fẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 20 yí ká.

Ìgbà ọyẹ́: iná

Lásìkò ọyẹ́, ilẹ̀ le, táyà kì í ṣe wàhálà mọ́. Iná ni. Ní 23 oṣù kejì 2019, níbi àfihàn ọkọ̀ òfurufú Aero India nítòsí Bengaluru ní Íńdíà, iná ràn ní pápá tí wọ́n páàkì sí, tó kún fún koríko gbígbẹ; nǹkan bí ọkọ̀ 300 ló jóná. Ẹ̀sọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn gbóná tó láti tanná ran koríko gígùn tó bá kàn án. Nítorí náà, ìmọ̀ràn gígé koríko yí padà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: ẹ gé e dé sẹ̀ǹtímítà 5, kẹ́ ẹ fi réèkì kó ewé tí ẹ gé kúrò pátápátá. Ẹ fi ọ̀nà mítà 6 sílẹ̀ láàárín àgbo ọkọ̀ kan sí òmíràn, kí panápaná lè kọjá. Ẹ gbé ẹ̀rọ paná onípáúdà kílò 9 kan síbi ọkọ̀ 50 kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán. Kí onísúyà àti jẹnẹrétọ̀ jìnnà síbẹ̀.

Lọ́jọ́ náà

Ẹ má gbowó lẹ́nu géètì. Bí ọkọ̀ kan bá fi ìṣẹ́jú àáyá 30 sanwó, 120 péré ló máa wọlé ní wákàtí kan. Ìyókù á tò sórí koríko, wọ́n á máa dúró, wọ́n á máa ṣí. Bí owó bá pọn dandan, ẹ gbà á nígbà tí dírẹ́bà bá ti páàkì tán. Kí ẹni méjì wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹnì kan ní orí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà tó jìnnà jù ni kó kọ́kọ́ kún, kí ẹnikẹ́ni má bàa gba àárín koríko kọjá. Ẹni tó sọ pé òun máa tètè lọ, ilẹ̀ líle ni kẹ́ ẹ fi í sí.

Bí òjò ńlá bá bẹ̀rẹ̀ tí ọkọ̀ ti wà nínú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sá jáde. Ọkọ̀ tó dúró kò ṣe nǹkan kan; àsìkò tí gbogbo wọn bá ń jáde lẹ́ẹ̀kan ni pápá ń parẹ́. Ẹ pa géètì àbáwọlé dé, ẹ jẹ́ kí òjò dá, kẹ́ ẹ wá tú wọn sílẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí dírẹ́bà lo jíà kejì, kó rọra tẹ̀ ẹ́. Táyà tó bá ti yí lẹ́ẹ̀mejì láìlọ, kó dúró síbẹ̀. Ẹ gbẹ́ iwájú táyà díẹ̀, ẹ ki plywood bọ abẹ́ rẹ̀. Bó bá tún kọ̀, ẹ fi okùn gígùn fà á; ọkọ̀ tó ń fà á gbọ́dọ̀ wà lórí títì, kì í ṣe lórí koríko. Jíìpù tó wọlé wá gba ẹlòmíràn là, tó sì rì pẹ̀lú, ẹ má jẹ́ kó rí ààyè wọlé.

Títún ilẹ̀ ṣe

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ṣa ìdọ̀tí, pàápàá kọ́kì ìgò àti ìṣó. Ẹ fi réèkì gbé koríko tó sùn dìde. Ibi tí ọ́ìlì tàbí dísù bá ti kán sí, ẹ da yanrìn gbígbẹ lé e kó fà á, kẹ́ ẹ wá wa ilẹ̀ ibẹ̀ kúrò ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10, kẹ́ ẹ fi tuntun rọ́pò. Bíbu omi sí i á tú u ká ni.

Ipa táyà tó jìn, ẹ má fi rólà tẹ̀ ẹ́ pa dé. Ó á tẹ́jú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ti fi kún kíki rẹ̀. Ẹ dúró kí ilẹ̀ gbẹ díẹ̀ títí yẹ̀pẹ̀ á fi máa rún lọ́wọ́. Nígbà náà, ẹ ti fọ́ọ̀kì wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ipa náà, ẹ tẹ ẹnu rẹ̀ kí ilẹ̀ gbéra díẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ ṣí lọ sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ tún un ṣe. Ẹ gbá yanrìn tó dà pọ̀ mọ́ ajílẹ̀ jíjẹrà wọnú ihò náà. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù kò yẹ níbẹ̀, á jó koríko. Ojú pípá tó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ẹ gbin ọ̀wọ́ koríko sí i ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 sí ara wọn, kẹ́ ẹ máa bomi sí i lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 bí òjò kò bá rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin, ẹ wọ́n NPK 15-15-15, gíráàmù 30 sí mítà onígun mẹ́rin kan. Àpò kílò 50 kan á tó nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 1,600. Ẹ bomi sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gun ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, títí kan àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ pín pápá sí apá mẹ́ta ó kéré tán, kí òde tó tẹ̀ lé e lo apá mìíràn.

Gbogbo èyí kò ní ṣiṣẹ́ bí kò bá sí nínú ìwé àdéhùn. Kí ìwé náà sọ pé alábòójútó pápá, kì í ṣe olóde, ló ń pinnu ní aago 6 àárọ̀ bóyá ọkọ̀ máa wọlé. Kó dárúkọ ilẹ̀ líle tí wọ́n máa lò bí pápá bá tì. Kó ní fọ́tò ojú ilẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn, láti ibi kan náà. Ẹ gba owó ìdúró, ẹ má sì dá gbogbo rẹ̀ padà lọ́jọ́ kejì. Koríko tí gbòǹgbò rẹ̀ já kì í tètè pọ́n. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ibi tó kú tó hàn. Ẹ dá ìdajì padà lẹ́yìn ìṣàdìdọ̀tí, ẹ fi ìdajì yòókù dúró títí ọ̀sẹ̀ kẹfà, nígbà tí ẹ bá ti mọ iye plọ́ọ̀tì tẹ́ ẹ ní láti tún gbìn.